Obìnrin Tó Wà Láàárín Kàlẹ́ńdà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú yín, ta ni kò ní fótò kan tó fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ aṣọ, nítorí pé ojú rẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò wù ú? Kí ẹni tí kò ní irú rẹ̀ nawọ́ sókè.

Mo wò yíká. N kò rí ọwọ́ kankan.

Ó dáa. A tún mọ̀ pé ẹni tó ya fótò náà kò parọ́ mọ́ wa. Iwájú rẹ̀ la jókòó sí, ohun tó rí ló yà. Kí ló wá dé tí a fi ń bá bébà bínú? Ẹ di ìbéèrè yìí mú bí mo ṣe ń sọ ìtàn mi lọ. Ìtàn òótọ́ ni. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí, mo mọ̀ ọ́n dunjú. Zipporah ni orúkọ rẹ̀.

Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ọkọ rẹ̀, Hezekiah Fádípẹ̀, jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Iresi, ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé. Ní ọdún 1994 tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni Zipporah, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe Ìyá Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀.

Ilà mẹ́ta gígùn ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ilà ilé bàbá rẹ̀. Kì í ṣe irú ilà tí páúdà lè bò. Ó jinlẹ̀. Nígbà tí ojú ìyá rẹ̀ fọ́ lọ́jọ́ ogbó, àtàǹpàkò ni ìyá náà máa ń fi tọ ilà yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kì í dúró gbọ́ ohùn. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Zipporah dé."

Ìyá ti wá kú. Dígí ló kù.

Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Zipporah gan-an ni olùkọ́ ẹgbẹ́. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, òun ló máa ń dúró níwájú pátákó nínú gbọ̀ngàn ìjọ, tí yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ àkòrí gàdàgbà: OBÌNRIN, FẸ́RÀN ARA RẸ.

"Ta ló dá yín?" á bi wọ́n.

"Olúwa ni!"

"Ṣé Olúwa máa ń ṣe àṣìṣe?"

"Rárá o!"

"Kí ni kí á wá máa ṣe níwájú dígí?"

"Kí á máa rẹ́rìn-ín!"

Àwọn obìnrin á pàtẹ́wọ́. Zipporah á gbọn ẹfun ṣọ́ọ̀kì dànù lọ́wọ́, á lọ sílé, níbi tó ti fi ìborùn bo dígí yàrá rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ó ní eruku ni.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, ẹgbẹ́ pinnu láti tẹ kàlẹ́ńdà ọdún 1995. Fótò wẹ́wẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò yí etí rẹ̀ ká. Ti Ìyá Ẹgbẹ́ yóò wà láàárín.

Moríyọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́, tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló sáré gbé ìròyìn náà wá.

"Tíṣà, fótò tìẹ á tó abọ́ ìjẹun! Ojú ẹ á wà lára ògiri láti Ìlá dé Ọ̀rà. Ẹni tó ń jẹun á máa wò ẹ́. Ẹni tó ń sùn á máa wò ẹ́."

"Kò lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kí ló máa jẹ́ kó kéré? Ṣé ojú aláìsàn ni?"

Moríyọ̀ rò pé ìròyìn ayọ̀ lòun mú wá.

Wọ́n tún ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ fótò náà: BÍ OLÚWA TI DÁ MI NI MO WÀ. Àbá ta ni? Àbá Zipporah ni. Ó ti dá a ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí kò tíì mọ̀ pé abẹ́ ojú òun ni yóò bọ́ sí.

Alfred ni onífótò tí gbogbo ẹgbẹ́ ń lọ bá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó mọ iṣẹ́, kò sì fẹ́ kí oníbàárà kankan bínú lọ.

"Tíṣà, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, mà."

"Mo ti ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ má bínú. Ẹ wá fi díẹ̀ kún un."

Lọ́jọ́ kejì, Zipporah padà wá wo fótò náà. Ó wò ó, ó gbé e jìnnà, ó tún fà á mọ́ra. Ilà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń wò ó padà.

"Alfred, ṣé kò sí bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn dín in kù?"

"Kí la fẹ́ dín, mà?"

Zipporah kàn fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Alfred wo ẹnu ọ̀nà, ó fa kọ́tìnnì.

"Èyí kò le, mà. Pẹ́ńsùlù nìkan ló gbà."

Ẹ jẹ́ kí n dúró ṣàlàyé níbí, nítorí ọ̀pọ̀ wa kò mọ ohun tí onífótò ń ṣe nínú yàrá òkùnkùn rẹ̀. Kí fótò tó di bébà, fíìmù ló kọ́kọ́ jẹ́. Lórí fíìmù, ohun gbogbo ló yí padà: irun dúdú á funfun, eyín funfun á dúdú. Ilà ojú tó dúdú lórí bébà, ńṣe ló máa ń mọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí fíìmù. Bí onífótò bá fi pẹ́ńsùlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó rọra kun ibi tó mọ́lẹ̀ yẹn, tó wá tẹ fíìmù náà sórí bébà, ilà ti lọ. Ohun tí olóòlà fi abẹ kọ, tí ọmọ fi ẹkún gbà, pẹ́ńsùlù á pa á rẹ́ kí omi tíì tó hó lórí iná.

"Díẹ̀ péré ni o," Zipporah wí. "Kó má jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn."

Alfred tẹ orí ba iṣẹ́. Nígbà tó ṣe, ó tẹ ọ̀kan sórí bébà, ó nà án sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dán.

Zipporah gbà á, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n tú àjàgà kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti wá burú jù báyìí," ó wí. "Wọn ò bára mu mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Á máa jowú."

Wọ́n bá pa ilà òsì rẹ́. Nígbà tí ilà òsì lọ, ọ̀tún tí wọ́n dín kù díẹ̀ péré kò tún bójú mu mọ́, wọ́n bá kúkú pa á rẹ́ pátápátá. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dán, ọrùn wá hunjọ.

"Ṣé kí n bá yín dé ọrùn, mà?"

"Tó bá jẹ́ pé kò ní pẹ́."

Wọ́n dé ọrùn. Wọ́n dé abẹ́ ojú. Wọ́n bá imú wí díẹ̀. Nígbà tí Alfred gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀, obìnrin tó wà lórí bébà ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, kò sì jọ ẹnì kankan tí ìyá Zipporah bí.

Zipporah gbá a mọ́ àyà.

"Alfred, ẹnu ẹ ńkọ́?"

"Ó ti dì, mà. Bí wọ́n bá bi mí, n kò mọ nǹkan kan."

Zipporah kó gbogbo fótò ẹgbẹ́ sínú àpòòwé kan, ó kọ orúkọ oníkálukú sẹ́yìn tirẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. Ọkọ rẹ̀ ń lọ sí ìpàdé àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo, níbi tí ilé ìtẹ̀wé wà. Òun ló fún lọ́wọ́. Fádípẹ̀ kò ṣí i. Kì í ṣe ẹni tó ń tú ẹrù ẹlẹ́rù.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ àpòòwé yìí sọ́kàn. Màá bi yín léèrè.

Kàlẹ́ńdà dé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá. Àwọn obìnrin pé jọ sí gbọ̀ngàn. Moríyọ̀ tú ìdì àkọ́kọ́, ó tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì.

Zipporah dúró lẹ́yìn wọn, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń retí ariwo. Ó ti pèsè ìdáhùn sílẹ̀. Yóò rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, yóò ní, "Iṣẹ́ Olúwa ni."

"Ta rèé?" Moríyọ̀ béèrè.

"Ó rẹwà o," ẹnìkan wí.

"Mo mọ̀ pé ó rẹwà. Ta ni?"

"Ibo ni Ìyá Ẹgbẹ́ wá wà?"

Kò sí ẹni tó wo fótò, kó wá wo Zipporah. Wọ́n ń wá a káàkiri etí kàlẹ́ńdà, láàárín àwọn fótò wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń wá abẹ́rẹ́. Níkẹyìn, Moríyọ̀ rí ìdí ọ̀rọ̀.

"Áà! Tíṣà, wọ́n ti gbé fótò ẹlòmíràn sí ipò ẹ!"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ méjì péré ni ọjọ́ yẹn gbà: "Èmi ni." Wọn ìbá rẹ́rìn-ín, wọn ìbá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí di Kérésìmesì, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí.

"Àbí ẹ̀yin náà rí i?" Zipporah wí. "Àwọn atẹ̀wé wọ̀nyí! Wọn ò lajú ṣiṣẹ́."

Irọ́ kì í gbé ibi tí wọ́n bá fi í sí. Ẹgbẹ́ ní àwọn kò gbà. Wọ́n rán Moríyọ̀ lọ bá ilé ìtẹ̀wé jà. Ó lọ ní òwúrọ̀, ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹnu rẹ̀ ti wọlé. Kò lọ sí ilé tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ Zipporah ló kọ́kọ́ yà sí.

"Zipporah, jókòó."

"Mo ti jókòó."

"Jókòó dáadáa." Moríyọ̀ mú un lọ́wọ́. "Wọ́n gbé fótò náà jáde fún mi. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn: Ìyáàfin Fádípẹ̀. Atẹ̀wé yẹn ní, ohun tó wà nínú àpòòwé làwọn tẹ̀."

Ó yá, ẹ dá mi lóhùn. Ta ló gbé àpòòwé lọ sí Òṣogbo?

Moríyọ̀ náà ti ṣe ìṣirò yẹn nínú ọkọ̀.

"Ọkọ ẹ ti ní ẹlòmíràn, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti fi fótò ẹ̀ pààrọ̀ tìẹ. Ìgbà wo ló wálé kẹ́yìn?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Epo mọ́tò wọ́n."

"Epo!" Moríyọ̀ pòṣé. "Gbogbo ọkùnrin Nàìjíríà ni epo ń bá bo àṣírí lọ́dún yìí."

Zipporah la ẹnu. Òtítọ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, Moríyọ̀ yóò mọ̀ pé ẹni tó ń kọ́ gbogbo wọn láti máa rẹ́rìn-ín níwájú dígí ti fi ìborùn bo tirẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó tún un là.

"Ẹ jẹ́ kí á fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Ẹ wò ó bí èèyàn ṣe ń fi Ọlọ́run ṣe ìbòjú.

Láti ọjọ́ náà, àánú bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí òjò. Ẹnìkan gbé iṣu wá. Ẹnìkan gbé ẹ̀pà wá. Wọ́n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀. Opó kan láti òpópónà kejì gbé adìẹ wá, ó ní kó máa jẹun, kó má baà rù fún orogún. Zipporah jẹ adìẹ náà. Ó dùn. Mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ Ọlájídé kò gbé adìẹ wá ní tirẹ̀. Ìjọ ti yan Fádípẹ̀ láti jẹ Bàbá Ìjọ ní ọjọ́ kìíní ọdún tuntun. Fádípẹ̀ ti rán agbádá. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń gbá inú ọgbà ìjọ náà láìsí ẹni tó rán an. Pásítọ̀ wá sọ fún Zipporah pé àwọn àgbà ti dá ọ̀rọ̀ náà dúró.

"A ò lè fi olóbìnrin méjì jẹ Bàbá Ìjọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òótọ́, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ níbí nìyẹn. Ṣé ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ, Ìyá Ẹgbẹ́?"

"Kò sí, sà."

Fádípẹ̀ wálé ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ọ̀kadà, eruku ti sọ irun rẹ̀ di pupa, odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà nítan rẹ̀. Ó ti gbọ́ lọ́nà. Ó dúró níwájú kàlẹ́ńdà.

"Ìyá Adéwálé, ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n bi."

Ó bọ́ awò ojú, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún un wọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó wo fótò náà láti ọ̀tún, ó wò ó láti òsì.

"N kò rí obìnrin yìí rí láyé mi." Ó mi orí. "Kí ló tiẹ̀ wà lójú ẹ̀ tí wọ́n fi rò pé màá tìtorí ẹ̀ dalẹ̀? Ó dán bí ìdí abọ́ tánganran. Kò sí ibi tí ojú èèyàn lè dúró sí níbẹ̀. Kò dára tó ẹ."

Fádípẹ̀ yí ojú kúrò lára kàlẹ́ńdà, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ, ilà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Mo ní, ọmọ yìí ní ilé tó ti wá."

Fádípẹ̀ wọ ilé ìdáná. Nígbà tó jáde tó ń nu ojú, ó ní èéfín ni. Kò sì sí ẹni tó tíì dáná.

Bí Zipporah ṣe rí ìyẹn náà, kò jẹ́wọ́.

Ní Sátidé tó ṣáájú Kérésìmesì, Pásítọ̀ Ọlájídé pe ìpàdé. Gbọ̀ngàn kún. Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ṣì wà lára pátákó: OBÌNRIN, FẸ́RÀN ARA RẸ. Kò sí ẹni tó pa á rẹ́. Zipporah jókòó kọ ẹ̀yìn sí i.

Wọn kò tíì gbàdúrà tán tí Àdùkẹ́ fi wọlé. Ẹ̀gbọ́n Fádípẹ̀ obìnrin ni, Ọ̀rà ló ń gbé, kàlẹ́ńdà náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ká a mọ́ abíyá bí ẹni tó mú kùmọ̀ lọ́wọ́.

"Ó dà? Ìyàwó ojú àwo náà dà?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," Pásítọ̀ wí.

"Mi ò jókòó! Hezekiah! Obìnrin tó tọ́jú ìyá wa títí tó fi kú, ìwọ ló fẹ́ fi pààrọ̀ èyí? Èyí tí kò sí ẹni tó lè wojú ẹ̀ kó mọ ọmọ ẹni tó ń ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ ọ́n," Fádípẹ̀ wí.

"Dákẹ́!" Àdùkẹ́ yí sí Zipporah, ó gbá a mọ́ra. "Ìyàwó mi, má sunkún. Ẹni tó máa lé ẹ nílé Fádípẹ̀ á kọ́kọ́ lé mi. Mo ti di ẹrù mi wá. Ibi tí o bá wà ni mo wà."

Òórùn epo pupa àti ọ̀nà jíjìn wà lára obìnrin náà. Zipporah kò rí ibi fi ojú sí.

Wọ́n pe Alfred. Ó dé pẹ̀lú àpòòwé fíìmù lábẹ́ apá, àágùn ń bọ̀ lójú rẹ̀.

"Alfred," Pásítọ̀ wí, "òǹtẹ̀ rẹ ló wà lẹ́yìn fótò yìí. Ta ni obìnrin náà?"

Alfred wúkọ́. Ó wo Zipporah. Ó wo àjà.

"Ṣé ẹ rí i, sà, àwọn oníbàárà pọ̀. Mo rò pé... arábìnrin kan ni, tó ń kọjá lọ."

"Ó ń kọjá lọ!" Àdùkẹ́ pariwo. "Ó kọjá wọ ilé Fádípẹ̀!"

Gbogbo gbọ̀ngàn hó. Fádípẹ̀ dìde. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ lè gba oyè yín. Ṣùgbọ́n Ìyá Adéwálé ti dákẹ́ láti àná, inú rẹ̀ sì ń bàjẹ́ lójú mi. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ló máa parí ẹ, mo bẹ̀ ẹ́." Ó bọ́ fìlà. Ó ti ń tẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ.

"Ẹ dìde!" Zipporah kígbe. "Ẹ má dọ̀bálẹ̀! Èmi ni!"

"Ìwọ ni kí ni?" Moríyọ̀ béèrè.

"Obìnrin inú kàlẹ́ńdà. Èmi ni."

Moríyọ̀ bú sẹ́kún.

"Yéè! Ọ̀rọ̀ yìí ti dà á lórí rú!"

"Ẹ bu omi fún un!" Àdùkẹ́ wí. "Ẹ tú gèlè lórí ẹ̀, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i!"

"Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà," Pásítọ̀ wí. "Ẹ di ojú yín."

Ṣé ẹ ti rí irú èyí rí? Obìnrin ń jẹ́wọ́, wọ́n ń gbàdúrà fún un kí orí rẹ̀ padà bọ̀ sípò.

Bí wọ́n ṣe di ojú, ó já bíró gbà lọ́wọ́ Moríyọ̀. Ó tẹ́ kàlẹ́ńdà sórí tábìlì. Ó ti pẹ́ tó ti wo ojú ara rẹ̀ kẹ́yìn, kò rántí bí ilà náà ṣe gùn tó. Ó bá fi àtàǹpàkò òsì tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Ó tọ ọ̀kan, ó fa ọ̀kan sórí bébà. Ó tọ ìkejì, ó fà á. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe àmín, ilà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti pé.

Ó gbé kàlẹ́ńdà náà sókè sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀.

Moríyọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. "Yéè! Zipporah!"

Alfred rí i pé ilẹ̀ ti mọ́ bá olè. Ó fa fíìmù yọ, ó gbé e sójú fèrèsé, ó fi ibi tó fi pẹ́ńsùlù kùn hàn wọ́n. Wọ́n tò, wọ́n ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àdùkẹ́ wo fíìmù, ó wo kàlẹ́ńdà, ó wo Zipporah. Ó tú ìborùn tó fi gbàjá, ó rọra jókòó.

"Ìyàwó mi," ó wí, "ṣé pé ìwọ lo gbé orogún lé ara ẹ lórí? Àti Ọ̀rà ni mo ti ń bọ̀ o, lórí ẹsẹ̀ dé ibi tí mo ti rí ọkọ̀!"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó sunkún ṣáájú ló rín jù. Fádípẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba kàlẹ́ńdà náà, ó wò ó pẹ́.

"Ṣebí mo ti sọ fún ẹ," ó wí, "pé kò dára tó ẹ."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi bá a sọ ju "káàárọ̀" lọ. Ó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pẹ́ńsùlù ló dùn ún. Ó dùn ún pé ìyàwó rẹ̀ rí i nínú iná, omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dà á.

Wọ́n fi Fádípẹ̀ jẹ Bàbá Ìjọ lọ́jọ́ kìíní ọdún, agbádá rẹ̀ balẹ̀. Ní ti Zipporah, Àdùkẹ́ ló dá ẹjọ́ rẹ̀: ẹni tó pa á rẹ́ ni kó kọ ọ́ padà. Gbogbo kàlẹ́ńdà ti wọ ilé onílé. Kó mú bíró, kó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé.

Ó lọ. Ilé àkọ́kọ́, ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. "Ẹ káàbọ̀, orogún Tíṣà!" ni wọ́n fi kí i. Ní ilé opó tó fún un ní adìẹ, opó náà wò ó tó fa ilà tán, ó ní, "Ó ku adìẹ mi." Àwọn méjèèjì rín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ibẹ̀ lọ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn.

Nígbà tó dé ilé Moríyọ̀, ó fa ilà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó fẹ́ máa lọ.

"Dúró," Moríyọ̀ wí, kò wò ó lójú. "Yá mi ní bíró yẹn."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Wo fótò tèmi, létí ibẹ̀. Wo eyín mi."

Zipporah tẹjú mọ́ ọn. Moríyọ̀ tó wà nínú fótò ní èjí gbàgàdà. Moríyọ̀ tó dúró níwájú rẹ̀ kò ní èjí kankan.

"Alfred!" Zipporah wí.

"Alfred ni," Moríyọ̀ wí. Ó gba bíró. Ó tún pa á tì, nítorí ẹ̀rín ò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Lọ́jọ́ tí ó parí ilé tó kẹ́yìn, Zipporah padà sí ọ̀dọ̀ Alfred.

"Ya fótò mìíràn fún mi."

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ rẹ́rìn..." Ó wò ó, kò parí ọ̀rọ̀ náà. Eyín ti wà níta.

"Pẹ́ńsùlù ẹ dà?"

Ẹ̀rù ba Alfred. "Ó wà níbí, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́..."

"Gbé e wá."

Ó gba pẹ́ńsùlù náà, ó fi há etí bí tíṣà tó ń lọ máàkì ìwé, ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sójú kámẹ́rà. Bó ṣe yà á nìyẹn. Nígbà tó délé, ó ṣí ìborùn kúrò lára dígí. Eruku ti wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó nù ún.

Ẹ rántí ìbéèrè tí mo ní kí ẹ dì mú? Bébà kọ́ là ń bá bínú. Fótò yẹn wà lára ògiri pálọ̀ mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, bàbá Adéwálé ló kàn án mọ́bẹ̀ fúnra rẹ̀. Obìnrin tó fi pẹ́ńsùlù há etí yẹn, tó jẹ adìẹ opó, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ ọkọ rẹ̀ jẹ́ nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì, èmi ni. Láti òkè ni mo ti ń pè é ní "ó", nítorí ojú ṣì ń tì mí díẹ̀. Ẹ̀kọ́ kì í tán lọ́jọ́ kan.

Ó ku iṣẹ́ àṣetiléwá. Lọ sí ìdí àpótí rẹ lónìí. Mú fótò tí o fi pamọ́ yẹn jáde, gbé e lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Fi àtàǹpàkò tọ ojú tó wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, má yára. Bí o bá ṣe tán, sọ ọ̀rọ̀ méjì. O ti mọ̀ wọ́n.